Ìlà Tí Mo Pè Ní Ariwo

Òórùn epo bẹntiróòlù ni mo fi ń rántí yàrá ìwádìí wa ní Ọ̀jọ́. Ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an ni obìnrin onífọ́tókọ́pì kan gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí, àárọ̀ dalẹ́ ló sì ń bú ramúramù. Ọ̀gá mi, bàbá olùkọ́ ará Èkìtì, ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ fojú rí kí wọ́n tó lọ: kí ìmọ́lẹ̀ ti nǹkan, kí nǹkan ọ̀hún sì mì. Kírísítàlì kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni a ń tan iná lésà sí, lórí ègé pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá mì ín, ìlà kan á yọ lójú ẹ̀rọ.

Ìlà náà yọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ ló ń mì ín, sà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀." Ta ló wà ní Èkó tí kì í di ẹ̀bi ru jẹnẹrétọ̀? Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Lọ bẹ obìnrin yẹn kó bá wa pa á, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Èmi àti obìnrin náà ti jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí ìwé mi tó bà jẹ́ níbi tó ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n lọ. Mo dúró sábẹ́ igi, mo jẹ ẹ̀pà tán, mo padà wọlé. "Ó kọ̀, sà."

"Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ lásán ni." Ohùn wọn rẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi bá wọn di ìwé wọn nílé wọn ní Ìbà, wọ́n sì fẹ̀yìn tì lọ sí Èkìtì.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó gbé ìgbéraga tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n lọ bẹ onífọ́tókọ́pì náà kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣebí kẹ́ ẹ ti sọ tipẹ́, bọ̀dá." Ó pa á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, síbẹ̀ ìlà náà dúró gbọn-in lójú ẹ̀rọ. Mo pa lésà, ó lọ. Mo tàn án, ó padà dé.

Mo pe bàbá, mo ní kí n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. "Ojú mi ti lọ, ọmọ mi. Sọ bó ṣe rí." Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀pà náà pẹ̀lú, pé mi ò dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà rárá lọ́jọ́ yẹn. "Tún ti ìlà yẹn sọ," ni wọ́n wí, mo sì ń tún un sọ títí bátìrì fóònù mi fi kú.

Wọ́n dárí jì mí, èmi ni mi ò tíì dárí ji ara mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá tèmi lóòótọ́, àmọ́ ojú tó yẹ kó rí i ò ríran mọ́.