Èsì tí Bàbá Àlàó Fún Òyìnbó Onílabalábá

Bí ẹ bá wọ agboolé Àlàó n'Ísàlẹ̀ Èkó, tí ẹ ní ẹ ń wá yàrá Jíbrílù onífírémù, wọn ò ní í júwe ẹ̀ fún yín. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣáà tẹ̀lé òórùn káfúrà." Káfúrà ọ̀hún kì í ṣe ti aṣọ o. Àpótí onípákó kan ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ń rùn bẹ́ẹ̀, àpótí tí bàbá tó bí bàbá-bàbá wọn fi sílẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé yẹn tí Jíbrílù ò tíì sọ ìtàn rẹ̀ fún, bó fẹ́ bó kọ̀.

Hàwáwù, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ n'Ídúmàgbò, ti gbọ́ ọ débi pé ó lè kà á lójú oorun. Láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, Bàbá Àlàó máa ń gbé àwọ̀n wọgbó lọ mú labalábá. Àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n o! Òyìnbó kan nílùú ọba tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò àti ẹyẹ ló ń kó o ránṣẹ́ sí. Bàbá á ká bébà sí onígun mẹ́ta, á fi labalábá sínú ẹ̀, á fi káfúrà tì í kí ìkán má baà bà á jẹ́, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Òyìnbó á wá kọ̀wé padà. Ewé wo ni ìdin rẹ̀ ń jẹ? Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jáde ni àbí òjò? Kí lẹ ń pè é lédè yín? Bàbá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé kan l'Ólówógbowó ló ń bá wọn kà á, òun náà ló sì ń bá wọn fèsì.

"Gbogbo ìbéèrè ló wà lọ́wọ́ wa," Jíbrílù á wí, á gbé ìwé òyìnbó sókè. "Èsì ni ò sí. Èsì ti bá ọkọ̀ lọ."

"Kí ẹ̀yin náà bá ọkọ̀ lọ, ká rójú sùn," Hàwáwù á dáhùn. "Labalábá, labalábá! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ló ń jẹ wá nínú yàrá yìí."

"Kí lẹni tó ń ta bọ́tìnnì mọ̀?"

"Ó mọ̀ pé ẹ̀wù ọrùn yín ò ní bọ́tìnnì, Bọ̀dá mi."

Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí wọn kì í fi ṣàwàdà. Ìwé tí òyìnbó náà kọ gbẹ̀yìn ni. Iṣẹ́ Jíbrílù ni kó máa fi igi àti gíláàsì ṣe fírémù fún fọ́tò àwọn èèyàn, àmọ́ fírémù tó dáa jù tó ṣe láyé ẹ̀, ìwé yẹn ló há sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Nínú ìwé yẹn, òyìnbó ò bèèrè labalábá. Ó ní ọmọbìnrin òun kékeré kú. Ó ní òun ò lè ṣí àpótí labalábá òun mọ́, torí ọmọ náà ló máa ń bá òun ṣí i. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, nílùú tìrẹ, báwo lẹ ṣe ń gbé irú èyí?"

Ọdún tí Ihsan kú ni Jíbrílù ṣe fírémù yẹn. Ihsan nìkan lọmọ tó bí. Ibà ni, ibà lásán tó ń ṣe gbogbo ọmọ. Àárọ̀ ló dá a dúró sílé kó má lọ síléèwé, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá ọmọ kẹ́rù lọ sílé àwọn òbí ẹ̀, kò padà. Wọ́n ní kí Jíbrílù fẹ́ ẹlòmíì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbọ́ èsì ìwé yẹn ná. Àwọn èèyàn rò pé orí ẹ̀ ló dà rú. Kò dà rú o. Ohun tó fẹ́ mọ̀ láyé ò ju ìyẹn lọ: kí ni Bàbá Àlàó sọ fún òyìnbó tí ọmọ ẹ̀ kú?

Ohun kan tún wà nínú àpótí náà tí ẹnikẹ́ni kì í tú. Ìdì bébà ni, awọ ni wọ́n fi wé e. Bàbá Àlàó ló fọwọ́ ara wọn fi kéwú kọ ọ́, Bisimiláhì ló sì wà lórí rẹ̀. Àdúrà Bàbá ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Tí wọ́n bá ń nu àpótí, wọ́n á fẹnu kò ó, wọ́n á dá a padà. Ta ni yóò máa tú àdúrà bàbá ẹ̀ wò bí ẹni ń tú òkìrìkà?

Lọ́dún tó kọjá ni ikùn Jíbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹdọ̀ ni, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn. Wọ́n fa omi ibẹ̀, omi tún kún. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ohun tí "ẹ máa gbé e lọ sílé" túmọ̀ sí.

Hàwáwù ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àáfà àdúgbò kọ ẹsẹ Kùránì sórí wàláà, ó fi omi fọ tàdáwà rẹ̀ sínú abọ́, hàǹtú nìyẹn, Jíbrílù mu ún. Ó mu ún títí, àìsàn náà ò gbọ́. Hàwáwù wá jókòó, ó ń rò ó. Àáfà yìí, ojú wa náà ló ṣe dàgbà. Ẹni tó bí wa ńkọ́? Àdúrà tó fọwọ́ ẹ̀ kọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ẹ̀ ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló kọ ọ́ pa mọ́ dè, bí kì í bá ṣe ọmọ ẹ̀?

Kò sọ fún Jíbrílù, torí kò ní gbà. Láràárọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣì ń tòògbé, á yọ ewé kan lábẹ́ ìdì náà, lábẹ́ pátápátá, kí òkè má baà yí padà. Á rì í sínú abọ́ tánńganran. Tàdáwà á rọra ṣí kúrò lára bébà bí èéfín, omi á dúdú. Á sin bébà náà sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí ohun tí orúkọ Ọlọ́run ti wà lára ẹ̀, a kì í gbé e sọ sáàtàn.

"Kí lò ń fún mi mu yìí? Ó ń rùn bíi káfúrà."

"Ti àáfà ni. Ẹ mu ún."

"Ó korò."

"Ẹ̀yin náà dùn ni?"

Jíbrílù rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ara rẹ̀ sì fúyẹ́, àbí ó kàn jọ bẹ́ẹ̀. Ó bèèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Hàwáwù lọ sunkún ayọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tún fọ ewé mìíràn, ó tún fọ mìíràn.

Àfi bí olùkọ́ kan ṣe dé láti fásitì, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Qaanitah, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé kéwú àtijọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ Jíbrílù ṣì gbé e, ó ti lọ sọ ìtàn àpótí náà l'Óníkan, níbi tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Ibẹ̀ lọmọ náà ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ka ìwé òyìnbó, ó ka èyí tó wà lára ògiri.

"Bàbá, ẹ ní akọ̀wé ló ń bá wọn fèsì. Ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún un?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́?"

"Àwọn tó kéwú láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń fi kéwú kọ Yorùbá, sà. Wọ́n á ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán kí akọ̀wé tó gbé e sí gẹ̀ẹ́sì. Ṣé kò sí nǹkan kan tí wọ́n fi kéwú kọ nínú ilé?"

Jíbrílù fọwọ́ ara ẹ̀ dìde jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé. "Hàwáwù! Gbé àdúrà Bàbá wá!"

Hàwáwù rọra fa àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ewé kan péré ló kù nínú awọ náà, èyí tó wà lókè pátápátá, tó fẹ́ fọ̀ lọ́la. Ó gbé e fún Qaanitah, kò wojú ẹnì kankan. Ọmọ náà gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀, Yorùbá ló sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀.

"Bisimiláhì. Láti ọwọ́ Àlàó sí ọ̀rẹ́ mi. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbọ́ nípa ọmọ rẹ, mo gbé àwọ̀n mi kọ́, n kò wọgbó láti ọjọ́ náà. Èmi pẹ̀lú ti sin ọmọ. O ní báwo ni a ṣe ń gbé e nílùú wa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá mi sọ fún mi. Ó ní..."

Qaanitah yí bébà náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

"Ó ní kí ni?" Jíbrílù bèèrè. "Ó ní kí ni?"

"Ó máa wà nínú ewé tó tẹ̀lé e, sà. Àwọn tó kù dà?"

Hàwáwù fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ ti mu ún. Àná lẹ mu èyí tó tẹ̀lé e. Mo rò pé àdúrà ni. Mo rò pé á wò yín sàn."

Jíbrílù wo abọ́ tánńganran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó títí.

"Mo ní ó korò," ló wí.

Ó dùbúlẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri. Ká ní ó bú Hàwáwù ni, ì bá sàn. Kò bú u. Lọ́jọ́ kejì tó ń fi aṣọ nù ún lára, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ kí n wà láyé. Kí ni mo fẹ́ bá ẹ jà sí?" Kò tún mu omi kankan tó korò mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó kú. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán tí wọ́n fi káfúrà sí i lára, òórùn àpótí yẹn gan-an ló gba gbogbo ilé. Hàwáwù ò lè dúró níbẹ̀. Ìwé Bàbá ni wọ́n ń gbé lọ sin yẹn, nínú gbogbo agboolé, òun nìkan ló mọ̀.

Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù n'Ídúmàgbò báyìí. Bí èèyàn bá wá kí i, ó ń bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nílùú wa yìí, báwo la ṣe ń gbé e?" Wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, wọ́n á ní ti Ọlọ́run ni. Á mi orí. Ìyẹn kọ́ ni ìyá Bàbá Àlàó sọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ kún ojú ewé kan gbáko.

Lọ́jọ́ kan, Taslimah tó ń ta síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ máa ń jà nítorí ibi tí wọ́n á tẹ́ ọjà sí, wá bá a. Hàwáwù bi òun náà. Taslimah fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn. Bọ́tìnnì ti dà pọ̀ mọ́ra nínú àwo níwájú Hàwáwù láti ọjọ́ tó ti ti ṣọ́ọ̀bù, kò rọ́kàn ṣà á. Taslimah gbé àwo náà lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Hàwáwù ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀. Taslimah ò sọ nǹkan kan. Ó ń ṣa bọ́tìnnì lọ, títí oòrùn fi kúrò lórí ọjà.