Mo Fọ Sàréè Olósàréè

Bí ìyá mi bá pè mí láti Ìjẹ̀bú, ìbéèrè kan náà ló máa ń fi parí ọ̀rọ̀: “Ṣé igbó ò tíì bo bàbá ẹ mọ́lẹ̀ báyìí?”

Monrovia níbí, ní Liberia, ni bàbá mi ti ṣe tíṣà. Ibí náà ló kú sí nígbà tí mo ṣì ń rákò, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà láàárín ìgboro. Ogun dé, ìyá mi pọ̀n mí sálọ, kò sì padà mọ́. Nísinsìnyí orúnkún ò jẹ́ kó rìn jìnnà. Èmi tí iṣẹ́ tíṣà tún gbé padà wá síbí, ọdún kan gbáko ni mo fi ń sá fún itẹ́ òkú. Nílé wa, inú ọgbà la máa ń sin òkú sí. Ta ló ń wọ kéké lọ kí bàbá rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú oṣù kẹta, Decoration Day ni wọ́n ń pè é, tí gbogbo ará ìlú máa ń kó korobá, ìgbálẹ̀ àti ẹfun lọ tún sàréè àwọn èèyàn wọn ṣe. Ojú tì mí. Mo gbé korobá lé itan nínú kéké láti Paynesville. Ìyá mi ti júwe rẹ̀ fún mi: ẹ̀yìn sàréè ńlá kan tí wọ́n kọ́ bí ilé, tó ní géètì onírin, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi igi kọ̀wé sí sìmẹ́ǹtì tútù.

Mo gba àárín àwọn áńgẹ́lì onímábù tí apá wọn ti já, mo débẹ̀. Sàréè méjì ni mo bá. Ọ̀kan funfun báláú, ẹfun ara rẹ̀ ò tíì gbẹ. Èkejì dúdú, ewédò ti bò ó. Èmi tíṣà ìṣirò, mo ro ó dáadáa: bàbá mi ò lẹ́ni tó ń wò ó, nítorí náà, èyí tó dọ̀tí ni bàbá mi.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Mo ní tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, màá rí ìwé náà. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mò ń rojọ́. Mo sọ ti orúnkún ìyá mi, mo sọ ti àwọn ọmọ, mo fẹjọ́ ọkọ mi sùn tẹ́rùn. Mo tiẹ̀ mọ́ sàréè funfun yẹn lójú, mo ní, “Ẹ wo àwọn tó bímọ re.” Ìlara ni, kí n má purọ́.

“My daughter, da my auntie you washing so?”

Ìyá àgbà kan ló dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ẹfun dání. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ní kò sí wàhálà, òun ti dúró díẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ ọ́n fọ̀ ju òun lọ. Mo ní bàbá mi ni mò ń wá, tíṣà, ará Nàìjíríà.

Ó nawọ́ sí sàréè funfun. “Da him there. I can do him first.”

Ó ní látìgbà tí ogun ti parí lòun ò ti rí ẹni tó wá wò ó. Òun ò sì lè tún ilé àǹtí òun ṣe kí òun fi aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀gbin. Àlejò ni bàbá mi, tirẹ̀ lòun máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ẹfun ló tán láàárọ̀ yẹn tí òun fi lọ ra òmíràn.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ìwé ara sàréè funfun náà. Ó DÀÁRỌ̀ O, TÍṢÀ. Ọdọọdún ni ìyá àgbà náà ń fi ẹnu ìgbálẹ̀ ha ẹfun kúrò nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó má baà dí, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó pàtẹ́wọ́.

“Aye, papa! Good night, yah!”

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú. Kíá ni ìyá mi pè.

“Ta ló tún un ṣe tó mọ́ báyìí?”

“Àwọn ẹbí obìnrin tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi ni, mà.”

“Obìnrin? Ṣé ó lọ́kọ?”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, kó tó di pé ẹkún gbà á lẹ́nu. Ó ní, “Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé òun nìkan ló dá sùn síbẹ̀ ni.”

Mo gba ẹfun lọ́wọ́ ìyá àgbà náà, mo padà sídìí sàréè àǹtí rẹ̀, mo kùn ún títí ó fi funfun bíi ti bàbá mi.