Ọ́fíìsì Kì Í Ṣe Ìdí-Igi

Muslimat Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Mápó, wọn ò sì tíì gbà á síṣẹ́ pátápátá.

Káṣúà ni wọ́n ń pe irú wọn. Ìjọba kò mọ̀ wọ́n. Inú ìpín tó bá kan ọ́fíìsì ni owó oṣù wọn ti ń jáde. Mẹ́ta ni wọ́n: òun, ẹni tó ń gbálẹ̀, àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ọ́fíìsì bá jẹun, àwọn náà á jẹ. Bí ọ́fíìsì bá gbààwẹ̀, wọ́n á bá a gbà á.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ́fíìsì náà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, owó dé. Lódindi ló wá, ti ilé ìwé àti ti ọ́fíìsì pọ̀. Lẹ́tà tó bá a wá sọ pé kí àwọn tọ́rọ̀ kàn jókòó, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn, kí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀wé, kí ìwé náà sì dé Sẹkitéríàtì kí aago mẹ́rin ọjọ́ náà tó lù. Bí kò bá dé, owó á padà síbi tó ti wá.

Láàárọ̀, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá David tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì pe Muslimat sí yàrá rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í pariwo.

"Màmá, ẹ jókòó."

Kò jókòó.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, ni ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ rí. Bó bá dín, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá kọ́kọ́ dá dúró. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín."

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ kó ìwé orúkọ wá sípàdé. Bí wọ́n bá bèèrè iye ọmọ, ẹ sọ ọ́ fún wọn."

"Mo ti tún un kà, sà. Iye tí mo rí báyìí—"

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn, Ọ̀gá David sì ti dìde láti lọ pàdé àlejò. Muslimat kó ìwé mẹ́rin, ó gbé wọn máyà, ó tẹ̀lé e.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Àlájì Yésúfù. Òun ni alága àwọn òbí ní ilé ìwé kan ní apá Bẹ́yẹrúńká, òun ló sì wá ṣojú fún un. Muslimat kúnlẹ̀ kí i, nítorí àbúrò ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìyàwó, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"A dúpẹ́, Bàbá Hikmat."

Zakariyya lọkọ Muslimat. Bàtà ló ń ṣe ní Ọjà'ba kó tó kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìyàwó mẹ́ta ló ní. Méjì bímọ, Muslimat kò bí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún, Yésúfù ló pín in. Òun náà ni ọ̀pọ̀ agbo ilé ní àdúgbò ń pè bí ogún bá délẹ̀, torí pé ẹjọ́ kì í tẹ̀yìn ìpín rẹ̀ jáde. Ìdí-igi ló fi pín in: àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ìdí-igi kan. Ó gé ilé sí méjì, ó gé ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Ìyàwó tí kò bímọ kì í ní ìdí-igi. Ó ní kí wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ fún un kó máa gbébẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Muslimat kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Fáànù kò yí. Muslimat jókòó sórí àga kan lẹ́nu ọ̀nà, ìwé mẹ́rin lórí itan rẹ̀.

Ọ̀gá David ní kí ọ́fíìsì kọ́kọ́ mú ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n wá pín èyí tó kù.

Misis Rachel Ọlábọ̀wálé, ọ̀gá ilé ìwé tó kéré jù, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ tábìlì làwọn ọmọ mi ń wọ̀. Ẹ wá fẹ́ jẹun yó kí ẹ tó pe àwa síbi oúnjẹ?"

"Misis, ta ló ń san owó iná? Ta ló ń—"

"Iná wo? Inú òkùnkùn la wà yìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlájì Yésúfù na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká pín in bí a ṣe ń pín ogún. Ilé ìwé mẹ́rin, ìdí-igi mẹ́rin. Ó parí."

"Ọ́fíìsì ńkọ́, Àlájì?"

"Ọ́fíìsì? Ọmọ mélòó ló bí? Ẹ tọ́ka sí ọmọ kan tó ń kàwé nínú ilé yìí." Ó wo yàrá náà yíká, ó ń gbádùn ara rẹ̀. "Ìyàwó tí kò bímọ ni ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì kì í ṣe ìdí-igi. Ẹ fún un ní yàrá kan, kó máa gbébẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí, ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Muslimat ń tún rọ́bà tó fi di ìwé ṣe. Kò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ó ti ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá Muhydeen, tí ilé ìwé tirẹ̀ tóbi jù, ló kọ̀. "Orí-ò-jorí ni, Àlájì. Iye orí ni kẹ́ ẹ fi pín in. Ọmọ ló ń kàwé, ìdí-igi kì í kàwé. Ṣé kí ilé ìwé tèmi àti ti Misis wá gba ohun kan náà?"

"Ẹ pa àwa tá a kéré jẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ á mọ̀!" ni Misis wí.

Wọ́n fà á. Ìrun àílà bá wọn níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ kírun kí i, wọ́n padà wá jókòó, wọ́n tún fà á. Nígbà tó yá, Àlájì gbà. Ilé ìwé tirẹ̀ kò kéré, kò sì sí ohun tí orí-ò-jorí máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì kò ní ìdí-igi, kò sì ní orí.

"Màmá," ni Ọ̀gá David wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹ ka iye ọmọ fún wọn."

Muslimat dìde. Ó ka ilé ìwé Misis. Ó ka ti Ọ̀gá Muhydeen, ọkùnrin náà fajú ro. Ó ka ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ti Àlájì, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta."

"Irinwó ó lé mẹ́fà," ni Àlájì wí.

"Irinwó ó lé mẹ́fà ni wọ́n kọ. Mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú wọn ń kàwé níbòmíràn. Irú wọn ní ilé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìgbà tí wọ́n ń pín yúnífọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ làwọn òbí kọ orúkọ wọn síbi méjì."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìwé tirẹ̀ nìkan ni ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń rí. Ọ̀dọ̀ mi ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń pàdé."

"Dárúkọ ẹyọ kan."

"Bàbá Hikmat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí o dárúkọ ẹyọ kan!"

Ó ṣí ìwé méjì, ó gbé wọn sórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. "Afeez lọ́dọ̀ yín. Àlàmú lọ́dọ̀ Ọ̀gá Muhydeen. Ọjọ́ ìbí kan náà. Agbo ilé kan náà." Ìka rẹ̀ dúró lórí ìlà kan. "Orúkọ ìyá, Hikmat. Ọmọ kan náà ni."

Kò sẹ́ni tó bèèrè Hikmat wo. Ọmọ Àlájì tí Muslimat fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ nígbà tó wà ní jòjòló ni. Àlájì wo ìwé náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fà sẹ́yìn lórí àga.

Misis Ọlábọ̀wálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, à bá ti pín owó fún ọmọ tí kò sí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì rèé o. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ fún wọn ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ọ̀gá Muhydeen gbà. Ọ̀gá ilé ìwé kẹta gbà. Àlájì mi orí. Ọ̀gá David mí kanlẹ̀, ó fa lẹ́tà ìjọba mọ́ra láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Muslimat jókòó. Ó ti níṣẹ́.

Ọ̀gá David kàn ṣàdédé dáwọ́ dúró ni.

"Wàhálà wà o," ó ní. "Orí iye ọmọ tá a fi ránṣẹ́ ní táàmù tó kọjá ni wọ́n fi gbé owó yìí wá. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn wà nínú rẹ̀. Bí a bá kọ iye tuntun, wọ́n á yọ owó wọn. Wọ́n sì lè ní ká dá gbogbo rẹ̀ padà kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèwádìí."

Aago méjì ti kọjá. Ọlọ́kadà tí yóò gbé ìwé lọ ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀.

"Ẹ dá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn padà sínú ìwé," ni Ọ̀gá Muhydeen wí.

"Ta ni yóò mọ̀?" ni ọ̀gá ilé ìwé kẹta wí.

Àwọn tó ti ń jà láti àárọ̀ di ọ̀rẹ́. Gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá," ni Ọ̀gá David wí, "ẹ kọ iye ti àtijọ́, kí ẹ sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ yín ni wọ́n mọ̀ ní Sẹkitéríàtì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ́fíìsì dúró. Iṣẹ́ yín dúró. Èmi fúnra mi á kọ̀wé pé kí wọ́n gbà yín pátápátá."

Àlájì Yésúfù dìde. Ó rìn wá síwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ìyàwó wa. Má wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí a bá ti délé, màá pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ. Yàrá yẹn á di tìrẹ, a ó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí lo tún ń fẹ́?"

Muslimat wo Misis Ọlábọ̀wálé. Ìyẹn wo ilẹ̀. "Òjò ń wọlé bá àwọn ọmọ mi, Màmá," ó ní.

Òótọ́ ni. Muslimat mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó gba bírò lọ́wọ́ Ọ̀gá David. Ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ìwé náà, ó kà á díẹ̀díẹ̀: pé ẹni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ ti ka àwọn ọmọ náà, iye wọn sì nìyí. Láti ọdún mọ́kànlélógún, kò sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nílé ọkọ, kò sì sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ní ọ́fíìsì, àfi pé ohun tó bá kọ, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Mo kà wọ́n," ó ní. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún kò sí níbẹ̀."

"A mọ̀, Màmá."

"Bí ẹ bá mọ̀, sà, ẹ kọ ọ́."

Ó na bírò sí Ọ̀gá David. Kò gbà á. Ó nà án sí Ọ̀gá Muhydeen. Ìyẹn kó ọwọ́ sápò. Ó yíjú sí Àlájì.

"Muslimat," ni Àlájì wí. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Hikmat."

Ó fi bírò náà sórí ìwé orúkọ, ó ti gbogbo rẹ̀ sí àárín tábìlì. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde.