Ohùn Inú Kànga Tí Kò Kan Omi

“Ẹ fà mí sókè!”

Gbólóhùn yẹn nìkan ni ohùn náà ń sọ. Yóò sọ ọ́, yóò dákẹ́ pẹ́, yóò tún sọ ọ́. Inú kànga àpatì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí ló ti ń wá, àwọn òkè tó yí ìlú ká sì ń dá a padà, bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ló ń ké. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́. Eruku bo ojú oòrùn títí tó fi funfun bí òṣùpá. Mo di etí ìró ìyá mi mú. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ má dáhùn o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáhùn.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé òkú wà nínú kànga yẹn.

Aládùúgbò wa ni bàbá tó gbẹ́ ẹ. Apá Ọ̀ṣun ló ti wá tẹ̀dó sí ìlú wa, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí mo bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, iwájú ilé rẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí, kí n máa wò ó bó ṣe ń pọ́n díígà tó fi ń gbẹ́lẹ̀ lórí òkúta. Ì báà wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, òórùn amọ̀ tútù kì í kúrò lára rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó ṣe é lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan ní àdúgbò wa bí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ké láti ìsàlẹ̀ kànga bó ṣe máa ń ké bí iṣẹ́ bá parí pé, “Ẹ fà mí sókè!” Bàbá ní kó ṣì kó garawa kan sí i. Garawa yẹn kò tíì kún tí ògiri kànga fi ya lulẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ni ilẹ̀ ń ya. Nígbẹ̀yìn, àlùfáà ka àdúrà ìsìnkú sẹ́nu kànga, wọ́n sì fi pákó dé e. Kànga náà kò tíì kan omi rárá.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni ìyá ọmọ yẹn máa ń wá dúró níwájú ilé bàbá. Á ní, “Ọmọ mi dà?” Á sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kì í sá fún un. Á jáde, á ṣí fìlà, á gbọ́ ọ tán kó tó wọlé.

Lọ́dún tí mo ń lọ sí kíláàsì ìrìbọmi, wọ́n kọ́ wa pé ìgbàlà ni pé Jésù yọ wá nínú ẹ̀ṣẹ̀ àti ikú. Mo há a sórí, mo sì lọ bi bàbá léèrè.

“Bàbá, ṣé wọ́n ti gbà yín là?”

Ó dá díígà dúró lórí òkúta. “Wọ́n sọ pé wọ́n ti gbà mí là, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì kúrò lẹ́nu kànga yẹn.”

Lọ́sàn-án tí mò ń wí yìí, ó dé pẹ̀lú okùn léjìká àti àtùpà lọ́wọ́. Pákó kan ti dá lẹ́nu kànga, ihò rẹ̀ dúdú kirikiri. Ohùn náà tún ké. Mo rí i tí ojú bàbá yí padà.

“Òun ni,” ó wí.

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. “Bàbá, òkú ni o! Ẹ jẹ́ á lọ sílé. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ ò ní jáde mọ́.”

“Mo mọ̀. Ó ti pè mí rí, mi ò fà á.”

Ó kọ́kọ́ sọ àtùpà náà kalẹ̀, nítorí bí iná bá kú nínú kànga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pa ènìyàn nìyẹn. Iná náà rẹlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kú, ṣùgbọ́n kò kú. Ó so okùn mọ́ ìdí igi ọsàn, ọkùnrin mẹ́rin dì í mú. “Bí mo bá pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé mi.” Ó sì wọlẹ̀ lọ.

Ohùn náà dákẹ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa, ó gbàgbé rẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà ni okùn mì lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń fà, ó wúwo ju ti bàbá nìkan lọ. Ohun tó yọ jáde, orí méjì ló ní, amọ̀ pupa bò ó látòkè délẹ̀, ojú nìkan ló ń dán. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi okùn sílẹ̀, ó sá lọ. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú orí méjèèjì wúkọ́, ó ní, “Omi.”

Opó náà ni. Ó rọ̀ mọ́ bàbá lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá. Ó máa ń lọ jókòó sórí pákó yẹn bí kò bá sí ẹni tó ń wò, kó lè wà nítòsí ọmọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àná ni pákó dá mọ́ ọn nídìí. Ó ti ké títí tí ohùn rẹ̀ fi há, tí ẹnikẹ́ni kò fi dá a mọ̀ mọ́.

Ó tó oṣù mélòó kan kí bàbá tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ fún mi.

“Mo ní, ‘Ọmọ mi, mo dé.’ Mo na ọwọ́, mo bá ara tó gbóná. Ó ní, ‘Ta nìyẹn?’ Mo ní èmi ni. Mo rò pé yóò ní kí n máa lọ. Àfi bó ṣe na apá méjèèjì, tó gbá mi lọ́rùn mú. Ọmọ mi, mo lọ síbẹ̀ láti kú ni o.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti gbọ́ ìwàásù tí n kò lè kà tán. Bí wọ́n bá ń kọrin ìgbàlà, mo máa ń bá wọn kọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í lè pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Mo máa ń rò ó pé inú òkùnkùn ni ènìyàn wà, tí ó gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ wálẹ̀, tí kò rí ojú rẹ̀. Ọrùn ẹni tó ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí wá lè jẹ́ èyí tí yóò rọ̀ mọ́, kó tó lè kúrò níbẹ̀.