Ọwọ́ Ìyá Mi àti Alùpùpù Oníbátìrì

Irun ni ìyá mi máa ń dì. Ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, abẹ́ ìbòòji iwájú ilé ló máa ń jókòó sí, àwọn oníbàárà á sì wá bá a níbẹ̀. Bó bá ń di ṣùkú, ìka rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. Á máa sọ ìtàn ìyàwó kan tó kọ ọkọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, á máa pín irun, á tún máa bá ẹni tó ń kọjá rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Bàbá mi ní tirẹ̀, máṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló máa ń lọ bá àwọn télọ̀ níbi tí wọ́n wà, láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgàndó, lórí alùpùpù àtijọ́ kan tó ń rú èéfín bí ẹni ń yan ẹja. Ní nǹkan bí ọdún 2017, alùpùpù náà kọṣẹ́ pátápátá. Ká tiẹ̀ ní kò kọṣẹ́, títò sórí ìlà nílé epo ti sú bàbá mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí ló sọ fún un pé ẹnì kan ń ta alùpùpù tí kì í mu epo ní Abúlé Ẹ̀gbá. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ. Inú ọgbà kan lẹ́yìn àwọn tó ń ta pákó ni ọkùnrin náà kó wọn sí, wọ́n tò lọ rẹrẹ, wọ́n ń dán. Bàbá mi jókòó sórí ọ̀kan, ó yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó gbéra láìdún rárá. Ó yí ọgbà náà ká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ìwé ẹ̀ ńkọ́?" ló bi ọkùnrin náà.

"Alhaji, ẹ má da ara yín láàmú jàre. Fàyàwọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ aṣọ́bodè ló gbà wọlé, ṣé ẹ máa rà á ní iye yìí ni?"

"Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kò ní ẹ́ńjìnnì. Kí ló fẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ bàbá mi lọ́rùn. A gbé e wálé.

Mi ò ní parọ́, ó kọ́kọ́ dùn. Ní Sunday kan, bàbá mi gbé ìyá mi sẹ́yìn, wọ́n lọ kí àbúrò ìyá mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá mi ní ńṣe ló dà bíi pé afẹ́fẹ́ ló gbé òun lọ tó tún gbé òun bọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, alùpùpù náà kú sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ìgàndó, bàbá mi sì tì í délé. Lẹ́yìn náà ni ṣájà tó fi ń fún bátìrì rẹ̀ níná jó. Bàbá mi padà lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, ó bá ọgbà náà lófìfo. Àwọn onípákó ní ọkùnrin náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, àwọn ò mọ ibi tó gbà. Bàbá mi gbé alùpùpù náà lọ fún mẹkáníìkì méjì, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára bátìrì náà, èdè àwọn ará Ṣáínà ni, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ìgbẹ̀yìn, ẹnì kan tó ń ta bátìrì ní ibùdókọ̀ Pleasure fún un ní ṣájà mìíràn. Ó ní, "Á gbé e, bàbá. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Lóòótọ́ ló gbé e. Ṣùgbọ́n ìyá mi kíyè sí nǹkan kan.

"Bàbá wọn, bátìrì yìí ń wú o. Ìdérí ẹ̀ ò pa dé mọ́."

"Ooru ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa ṣáàjì ẹ̀, ẹ máa gbé e síta."

"Síta kẹ̀? Kí olè lè rí i gbé?"

Inú pàséèjì ló máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni gbogbo àwa ayálégbé ń gbà jáde, nítorí pé onílé ti mọ ògiri dí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, iná dé, bàbá mi ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó sì lọ kírun. Èmi àti ìyá mi wà níwájú ilé, ó ń dirun fún ọmọbìnrin kan. A kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan tó dún bí ìgbà tí ata bọ́ sínú òróró gbígbóná. Lẹ́yìn ìyẹn ló bú gbàmù. Èéfín dúdú yọ lẹ́nu ọ̀nà, iná sì tẹ̀ lé e.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà nínú yàrá tó wà ní ìparí pàséèjì. A gbọ́ igbe rẹ̀. Mo gbé korobá omi, ẹnì kan pariwo pé kí n má dà á, pé iná mànàmáná wà lára ẹ̀. Mo dúró, korobá wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ìyá mi ló sáré lọ yọ fíúsì lára ògiri. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo imú, ó wọlé. Irin tí wọ́n ń dẹrù lé lẹ́yìn alùpùpù náà ló dì mú, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, ó ń wọ́ ọ. Ike tó ń yọ́ ń kán sí i lọ́wọ́. Gbogbo wa ń kígbe pé kó fi í sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ títí alùpùpù náà fi wó sínú ẹrẹ̀ níta.

Obìnrin náà sáré jáde, ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìró. Ìyá mi bojú wo ọ̀dọ̀ wọn. "Ṣé ó ń mí?" ló kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Jalabíà funfun ni bàbá mi wọ̀ nígbà tó dé. Wọ́n sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Ìyá mi pẹ́ ní ọsibítù. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ká kò, wọn ò nà mọ́. Bàbá mi lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bi í pé ta ló tà á fún un, ìwé rẹ̀ dà, ibo lẹni náà ń gbé. Látìgbà náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lórí títì, á dúró tì wọ́n, á máa kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ rà á. Lọ́jọ́ kan ní Ìyànà Ìpàjà, àwọn tó ń tà á tì í ṣubú.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni ìyá mi wí nígbà tí bàbá mi délé. "Wọn ò ní gbọ́."

"Bóyá ẹnì kan á gbọ́," ni bàbá mi fèsì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kankan gbọ́.

Wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Bàbá mi ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń bọ́ ọ lóúnjẹ. Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin ilé kejì ń dirun fún ara wọn lábẹ́ igi. Ìyá mi wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó ní oòrùn ti pọ̀ jù, ó sì wọlé lọ. Oòrùn ò sí níbẹ̀ rárá.