Waliyah àti Ibú Baba Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń bù mọ́ ọn. Waliyah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Mọ́ṣúdù, ló di ẹnjiníà omi. Ẹja ni baba rẹ̀ fi rán an níwèé. Ibú kan wà lẹ́yìn ìlú wa, Ejinrin, tó ri ẹ̀ka igi sí, bí àwọn apẹja ti máa ń ṣe, kí ẹja lè ríbi sá sí. Èmi Rọ̀kíbátù ni mò ń yan ẹja ọ̀hún tà.

Lọ́dún 2004, wọ́n fẹ́ fa omi odò wa sílé ẹ̀rọ, kí àwa náà lè ní omi ẹ̀rọ. Ìgbà òjò làwọn kọngílá wá wo odò, wọ́n ní etí bèbè làwọn máa gbé ẹnu páìpù sí. Waliyah, tí ìjọba fi ṣe ẹnjiníà iṣẹ́ náà, ní kí wọ́n dúró de ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó wọ ọkọ̀, ó ń ti ọ̀pá bọ omi kiri. Etí bèbè ti di ẹrọ̀fọ̀. Ibú baba rẹ̀ nìkan ló ṣì jìn.

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ibú yín nìkan la lè gbé ẹnu páìpù sí. Ẹ̀ka tó ń jẹrà á dí asẹ́ ẹnu páìpù, á sì ba omi jẹ́. Ẹ ní láti kó wọn kúrò níbẹ̀."

"Ibi tó bọ́ ẹ dàgbà lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò purọ́, kò sì dọ́gbọ́n kankan. Ẹlòmíì ì bá ní etí bèbè náà ti tó, ta ni yóò mọ̀? Mo kan sáárá sí i. Mọ́ṣúdù kó ẹ̀ka rẹ̀ kúrò, ó ń lọ dẹ àwọ̀n lókèèrè, àmọ́ kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Olóríkunkun ni, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Waliyah ò jẹ́ kó dí iṣẹ́ òun lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe ojú méjì sí ẹnu páìpù, ti òkè fún ìgbà tí òjò bá gbé ẹrẹ̀ wá, ti ìsàlẹ̀ fún ọ̀gbẹlẹ̀. Asẹ́ náà fẹ̀ gan-an, kí omi lè máa rọra wọlé, kó má fa ọmọ ẹja mọ́ra.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì, gbogbo kànga gbẹ, ẹ̀rọ iwájú mọ́ṣáláṣí ṣì ń yọ omi. Mọ́ṣúdù ṣe àlùwàlá níbẹ̀, ó bu omi sẹ́nu, ó gbé e mì. Waliyah dúró lókèèrè, kò lè sún mọ́ ọn.

Baba rẹ̀ yíjú sí i. "Ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún.