Egungun Tó Ń Yọ́ Nínú Etí Ọmọ Mi

Inú ń bí mi. Ó ti tó ọdún méjì báyìí, inú ṣì ń bí mi, ẹni tí mo sì ń bínú sí jù kò jìnnà rárá: èmi fúnra mi ni.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Bódìjà, báyọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya egungun sójú pátákó, tí màá ní kí wọ́n yéé rò pé òkúta ni. Nǹkan alààyè ni: àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń kọ́ ọ, àwọn kan ń jẹ ẹ́. Bí àwọn tó ń jẹ ẹ́ bá yára ju àwọn tó ń kọ́ ọ lọ, wàhálà dé nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n sọ dáadáa.

Nínú ilé mi ńkọ́? Etí òsì ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ṣọyún, ó ń rùn. Màmá mi, tí wọ́n ti Èkìtì wá bá wa gbé, ní kí n fọkàn balẹ̀. "Etí ọmọ wo ni kì í ṣọyún?" Wọ́n ń kán àdín lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, wọ́n ń fi òwú dí i. Èmi náà ń ra oògùn etí ní kẹ́míìsì. Bó bá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó ní ó ti san. Kò dùn ún, ìyẹn ló tàn wá jẹ.

Àárín ìgbà yẹn lọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí aláfojúdi. Màá pè é láti kíṣìnnì, kẹ́kẹ́ pa. Nílé tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làgbà ń pe ọmọdé, kó dáhùn "Mà!" kó sì sáré wá. Màmá mi ní mo ti kẹ́ ẹ jù. Lọ́jọ́ kan ni mo fa etí rẹ̀, tí mo ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè. Etí òsì yẹn gan-an ni mo fà o, torí òun ló bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ìgbà tí òyì gbé e ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni mo tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí kan ní Ring Road. Wọ́n ya àwòrán. Dókítà ní awọ tó yẹ kó wà níta ìlù etí ti wọ inú, ó ń hù, ó ń kó ìdọ̀tí jọ síbẹ̀. Ara ń bá a jà, ìjà náà sì ń ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Wọ́n á para pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ńlá, á lẹ̀ mọ́ egungun, á máa tu ásíìdì sí i títí á fi yọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Egungun kéékèèké mẹ́ta ló ń gbé ohùn wọnú etí. Méjì ti lọ nínú tọmọ mi.

"Dókítà, oògùn ńkọ́?"

"Apá oògùn ò lè ká a mọ́, mà. Iṣẹ́ abẹ ni. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ egungun náà dé ìtòsí ọpọlọ."

Háà! Ẹ̀kọ́ tèmi gan-an ni ọkùnrin yìí ń kọ́ mi. Ojú tì mí débi pé n ò lè sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, wọ́n kó awọ àti ìdọ̀tí náà kúrò. Etí gbẹ, òyì lọ, ṣùgbọ́n ohùn kò gba ẹ̀gbẹ́ yẹn wọlé mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi pé òun ò gbọ́ràn.

"Mo sọ, mà," ló wí. "Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀. Ẹ ní kí n yéé purọ́."

Mo ti ronú ronú, n ò rántí rárá pé ó sọ ọ́.